Ìwé Àsúráǹsì Ìlera Wà Lọ́wọ́ Yín: Ilé Ìwòsàn Wo Ni Yóò Gbà Á?

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ará Pobè àti Àjàṣẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Atakpamé àti Kambolé ní ilẹ̀ Tógò, ẹ gbọ́ o. Ẹ fa àga súnmọ́ra. Kí ẹni tó mọ̀wé kà nínú yín ka ọ̀rọ̀ yìí sókè, kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́.

Ìbéèrè kan ló bí ọ̀rọ̀ òní. Ìyá kan láti inú ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan ní agbègbè Kétu ló pè wá. Ó ní: "Ẹ̀yin ará rédíò, wọ́n ti kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún àsúráǹsì ìlera ti ìjọba. Wọ́n fún wa ní ìwé. Mo ti fi sínú àpótí, lábẹ́ aṣọ, kí òjò má baà bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún mi pé dókítà wo ni mo lè mú un lọ bá."

Ìyá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yín kì í ṣe ti yín nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ìwé yìí lábẹ́ aṣọ. Ọjọ́ tí ibà bá dé lóru ni wọ́n ń wá a, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbà á. Ẹ jẹ́ ká wá a lónìí, nígbà tí ara le.

Kí ni àsúráǹsì gan-an?

Ẹ jẹ́ ká fi àjọ bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ọjà kan ní ilẹ̀ wa tí wọn kì í dá àjọ. Bí ẹ bá dá àjọ, owó yín ló ń padà wá bá yín. Bí ẹ kò bá dá, ẹ kò ní kó. Àsúráǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àsúráǹsì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dáwó jọ sójú kan, tàbí kí ìjọba dá a fún wọn. Ẹni tí àìsàn bá kàn ni wọ́n ń fi owó náà tọ́jú. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní gba nǹkan kan padà, kò sì yẹ kó bínú, nítorí ara líle ni èrè tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì ni ẹ ní láti di mú dáadáa. Owó àjọ, ọwọ́ yín ni wọ́n ń kà á lé. Owó àsúráǹsì ti ìjọba yìí kì í dé ọwọ́ aláìsàn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń san án fún. Nítorí náà, ó ní láti jẹ́ pé àdéhùn wà láàrin ilé ìwòsàn náà àti ètò àsúráǹsì. Ilé tí kò bá ní àdéhùn mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò san owó fún òun, kò sì ní gba ìwé yín. Kì í ṣe pé ìwé yín jẹ́ ayédèrú. Kì í sì í ṣe pé dókítà ibẹ̀ kórìíra yín. Àdéhùn ni kò sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ òní, orí àdéhùn yìí ló dúró lé.

Ètò tí ìjọba Benin gbé kalẹ̀

Orúkọ tí ẹ máa ń gbọ́ ni ARCH. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ètò náà ní: àsúráǹsì ìlera, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, owó yíyá fún àwọn tó ń ṣòwò kéékèèké, àti owó ọjọ́ ogbó. Ẹsẹ̀ ti ìlera là ń sọ lónìí.

Ní oṣù keje ọdún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní zone sanitaire mẹ́ta: ti Abomey-Calavi àti Sô-Ava, ti Djougou, Ouaké àti Copargo, àti ti Dassa àti Glazoué. Ẹ rí i pé àwọn ará wa ní Ìdàáṣà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú un gbòòrò dé àwọn ibòmíràn. Òfin nọ́mbà 2020-37, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2021, sọ pé àsúráǹsì ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Benin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Ọ̀tọ̀ ni kí òfin sọ ọ́, ọ̀tọ̀ ni kó dé ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù. Àwọn tí ètò ARCH kọ́kọ́ gbé ni àwọn tí nǹkan le fún jù lọ láàrin wa, àwọn tí ìwádìí ní abúlé fi hàn pé wọn kò ní agbára láti san owó ìwòsàn. Ìjọba ló ń dá owó àsúráǹsì tiwọn. Bí orúkọ yín bá wà nínú ìwé náà, ẹ̀tọ́ yín ni. Kì í ṣe àánú tí ẹnì kan ṣe yín lójú ọ̀nà.

Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi, kí ẹ lè fi kọ́gbọ́n.

Ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni mo kọ́ kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ rédíò. Mo rò pé mo mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà ní abúlé wa, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní orí ń fọ́ òun, òòyì sì ń kọ́ òun. Mo gbé e sórí zemidjan, mo mú ìwé rẹ̀ dání, ó di ilé ìwòsàn aládàáni kan nínú ìlú. Ilé náà dára. Táìsì wà nílẹ̀, fáànù ń fẹ́. Mo ní ibi tó dára bí èyí, wọn yóò ṣáà gba ìwé ìjọba.

Ọmọbìnrin tó jókòó níbi tí wọ́n ti ń gbowó yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní: "Ẹ máa bínú o. A kì í gba irú èyí níbí. Owó ọwọ́ là ń gbà."

Ojú tì mí láti yí padà. Mo san èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi àgbà tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú owó ẹ̀pà tó tà lọ́jà jáde, ó fi kún un. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga. Wọ́n fún un ní oògùn oṣù kan, wọ́n ní kó padà wá.

Kò padà lọ. Kò sì sọ fún mi. Nígbà tí mo béèrè, ó ní òun kò fẹ́ kí n tún jẹ gbèsè nítorí òun. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó jí láàárọ̀, ó na ọwọ́ òsì sí ìgbálẹ̀, ìgbálẹ̀ bọ́. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lọ́jọ́ yẹn, ilé ìwòsàn arrondissement wa la sáré gbé e lọ, nítorí pé òun ló súnmọ́ wa jù. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ṣe ohun tó lè ṣe, ó sì kọ ìwé tí a ó fi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bó ti ń kọ ọ́, ó wo ìwé àsúráǹsì náà, ó wò mí lójú. Ó ní: "Tíṣà, láti ìgbà wo ni ìwé yìí ti wà lọ́wọ́ yín? Ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń ṣiṣẹ́."

Ilé ìwòsàn yẹn sí ilé wa kò ju ìrìn ìṣẹ́jú ogún lọ. Mo ti kọjá níwájú rẹ̀ lórí zemidjan nígbà tí mò ń lọ sí ìlú.

Ìyá mi àgbà wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì náà kò tíì padà bọ̀ sípò tán. Ọwọ́ kan ló fi ń pa ẹ̀pà báyìí. Mi ò fi ìtàn yìí bú ilé ìwòsàn aládàáni yẹn. Wọn kò purọ́ fún mi. Èmi ni mi ò béèrè kí n tó lọ. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ta ni dókítà ìdílé lọ́dọ̀ wa?

Ní ìlú òyìnbó, ìdílé kan lè ní dókítà kan tó mọ gbogbo wọn lórúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa ní abúlé, ẹni tó wà ní ipò yẹn kì í sábà jẹ́ dókítà. Nọ́ọ̀sì ni, tàbí agbẹ̀bí tí ẹ ń pè ní sage-femme, ní ilé ìwòsàn arrondissement yín. A ń pe gbogbo wọn ní dókítà, kò sì burú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ mọ̀ wọ́n, kí àwọn náà mọ̀ yín.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, bí ìgbà tí ènìyàn ń gun àkàsọ̀.

Àtẹ̀gùn kìíní ni ilé ìwòsàn arrondissement, centre de santé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́, ọgbẹ́, oyún àti ìbímọ. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Àtẹ̀gùn kejì ni ilé ìwòsàn commune. Ibẹ̀ ni ẹ ti sábà máa ń rí dókítà fúnra rẹ̀.

Àtẹ̀gùn kẹta ni ilé ìwòsàn ti zone, hôpital de zone. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Zone sanitaire 34 ló wà ní Benin. Kétu, Pobè àti Adja-Ouèrè jọ wà nínú ọ̀kan, Pobè sì ni ilé ìwòsàn ńlá wọn wà. Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ouèssè jọ wà nínú òmíràn, Ṣábẹ̀ẹ́ ni tiwọn wà.

Lókè wọn ni àwọn ilé ìwòsàn bí ti Àjàṣẹ́ tó wà fún Ouémé àti Plateau. Lókè pátápátá ni CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu.

Kí ló dé tí mo fi ń to èyí sílẹ̀? Nítorí pé a kì í bẹ̀rẹ̀ àkàsọ̀ láti òkè. Bí ẹ bá lọ sí àtẹ̀gùn kìíní, tí àìsàn sì ju agbára wọn lọ, àwọn fúnra wọn ni yóò kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sí òkè. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì bí ìwé àsúráǹsì. Òun ló ń sọ fún àwọn ti òkè pé ẹ kò fò kọjá, òun ló sì ń sọ oògùn tí wọ́n ti fún aláìsàn kó tó dé. Ẹni tó bá fo àtẹ̀gùn kìíní lè rí i pé wọ́n ní kó san owó lókè, tàbí kó padà sísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ má dúró di ọjọ́ àìsàn. Ẹ ṣe nǹkan márùn-ún yìí nígbà tí ara le.

Èkíní, ẹ mú ìwé kúrò lábẹ́ aṣọ. Ẹ ka orúkọ tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé orúkọ gbogbo ọmọ wà níbẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ níbẹ̀ bá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú ìwé ìbí mu? Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lè dá yín dúró. Bí ẹ bá ní nọ́mbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NPI, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà. Bí ẹ bá ti bí ọmọ tuntun lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n kọ orúkọ yín, ẹ lọ ṣe ìwé ìbí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe lè fi kún ti ilé.

Èkejì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn arrondissement yín. Ẹ lè lọ lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí ẹ bá ń kọjá. Ẹ fi ìwé hàn wọ́n, ẹ béèrè bóyá àwọn ní àdéhùn pẹ̀lú ètò náà. Ẹ má fi ojú ilé ṣe ìdájọ́. Kò sí ìwé àdéhùn tí wọ́n ń kọ sára táìsì.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè ohun tí ètò náà ń san àti ohun tí kò san. Àyẹ̀wò ń kọ́? Oògùn ń kọ́? Bí oògùn bá tán ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní kí ẹ lọ rà á níta, ta ni yóò san án? Ẹ gbọ́ ìdáhùn látẹnu wọn kí ẹ tó délé, kí ó má di ìjà lọ́jọ́ tí ọmọ ń sunkún.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yan ibì kan, ẹ dúró síbẹ̀. Carnet kan fún ẹnì kan, kí ó sì máa bá a lọ ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá lọ síbí lónìí, tí ẹ lọ sọ́hùn-ún lọ́la, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ti ń ga láti ọdún tó kọjá. Ìbẹ̀wò léraléra ló ń sọ nọ́ọ̀sì di dókítà ìdílé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ sọ fún gbogbo ilé ibi tí ìwé wà. Bí bàbá nìkan ló mọ̀, tí bàbá wà lóko, kí ni ìyá yóò ṣe? Ẹ fi ìwé àsúráǹsì, carnet àti ìwé ìbí sínú ọ̀rá kan náà, ẹ so ó kọ́ ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà lè tó.

Bí ẹ ó ṣe béèrè

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀rù máa ń bà lẹ́nu tábìlì ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí eré, bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, kí ẹnì kan ṣe ìyá tó wá béèrè.

Ìyá: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú àbọ̀, Ìyá. Ṣé àlàáfíà ni? Ta ló ń ṣàìsàn?

Ìyá: Kò sí aláìsàn, mo dúpẹ́. Ìwé ARCH yìí ni mo mú wá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ń gbà á níbí.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni, à ń gbà á.

Ìyá: Ẹ ṣeun. Bí mo bá mú ọmọ wá pẹ̀lú ibà, èwo ni mi ò ní san, èwo ni mo máa san?

Nọ́ọ̀sì: (kí ẹni tó ń ṣe nọ́ọ̀sì dáhùn bó ti mọ̀.)

Ìyá: Bó bá ṣẹlẹ̀ lóru ń kọ́? Ta ni ó máa wà níbí? Bó bá ju agbára yín lọ, níbo lẹ ó kọ wá sí?

Ẹ rí i pé kò sí ìjà níbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni: ṣé ẹ ń gbà á, kí ni mo máa san, níbo ni ẹ ó rán mi lọ? Ọmọdé tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lè kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.

Bí ilé ìwòsàn tó ní àdéhùn bá gba owó lọ́wọ́ yín fún ohun tí wọ́n ti sọ pé ètò náà ń san, ẹ má pariwo, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ béèrè reçu. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó ṣe olórí ibẹ̀, kí ẹ sì sọ fún olórí abúlé yín. Ilé iṣẹ́ kan tún wà ní commune, èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí centre de promotion sociale, tí wọ́n wá ń pè ní Guichet Unique de Protection Sociale. Ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹ lè béèrè bí orúkọ ẹnì kan nínú ilé kò bá sí nínú ìwé.

Bí orúkọ yín kò bá sí nínú ìwé rárá ń kọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé, "Èmi kò lówó, bẹ́ẹ̀ wọn kò kọ orúkọ mi." Mo gbọ́ yín. Ẹ lọ sí Guichet yẹn kí ẹ béèrè ohun tó kù láti ṣe. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan tó ń san owó oṣù, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ ní CNSS àti irú àsúráǹsì tó wà fún yín. Ní àwọn ibòmíràn, ẹgbẹ́ mutuelle wà, tí àwọn ará ìlú ń dáwó sí fúnra wọn. Kí ẹ tó dáwó sí èyíkéyìí, ẹ béèrè ìbéèrè kan náà: ilé ìwòsàn wo ló ń gba ìwé yín? Mutuelle tí kò lè dárúkọ ilé ìwòsàn kan tó súnmọ́ abúlé yín, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó kówó sí i.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ohun tí ìjọba ti ní kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, yálà ẹ ní ìwé àsúráǹsì tàbí ẹ kò ní. Láti ọdún 2009 ni iṣẹ́ abẹ fún aboyún tí kò lè bí fúnra rẹ̀, ìyẹn césarienne, ti di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba yàn fún un. Láti ọdún 2011 ni ìtọ́jú ibà ti di ọ̀fẹ́ fún aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ilé ìwòsàn ìjọba. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ kéékèèké náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè ìwọ̀nyí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú

Nǹkan kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àfi tí ètò bá parí. Wọ́n ní: "Ìwé tálákà ni. Bí mo bá yọ ọ́, gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ yóò mọ̀ pé mi ò ní." Nítorí èyí, ẹlòmíràn yóò lọ yá owó, yóò ta ewúrẹ́, yóò fi ìwé sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Èmi náà mọ ìtìjú yẹn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n yí padà lọ́jọ́ tí mo gbé ìyá mi àgbà lọ sí ìlú. Ìtìjú náà ni kò jẹ́ kí òun sọ fún mi pé oògùn ti tán. Àwa méjèèjì ń bo ara wa láṣírí, ẹ̀jẹ̀ sì ń ga. Bí ẹ bá ní aládùúgbò tó ní ìwé yìí, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni méjì lẹ́nu tábìlì kì í bẹ̀rù bí ẹnì kan.

Ẹ̀yin ará wa ní Tógò

Orúkọ yàtọ̀ lọ́dọ̀ yín, ọ̀nà kan náà ni. Òfin tó dá àsúráǹsì ìlera gbogbogbò sílẹ̀, tí a ń pè ní AMU, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. INAM ló ń mójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, CNSS ló ń mójú tó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aládàáni. Lọ́dọ̀ tiyín náà, ilé tó bá ní àdéhùn ló ń gba káàdì. Ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó síwájú dókítà. Ẹ má sì gbàgbé pé ìwé Benin kì í ṣe ìwé Tógò. Bí ọmọ yín bá kọjá ẹnubodè lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó má rò pé ìwé ilé yóò ṣiṣẹ́ fún un níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kí n tó dákẹ́

Gbogbo ohun tí mo sọ nípa àtẹ̀gùn àti ìwé, fún àìsàn tó fún wa láyè ni. Bí ọmọ bá ń gìrì, bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú mọ́, bó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí a bá ń pè é tí kò dáhùn. Bí aboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí ẹnu àgbàlagbà bá ṣàdédé wọ́ tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ rọ, ẹ má wá ìwé mọ́. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹlòmíràn mú ọ̀rá ìwé tẹ̀lé yín. Ẹ̀mí ló ṣáájú, ìwé á dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbogbo ilé mọ ibi tí ọ̀rá náà wà.

Iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

Kí ẹ tó túká lónìí, ẹ jíròrò nǹkan mẹ́ta yìí. Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀.

1. Nínú abúlé wa, ilé mélòó ló ní ìwé àsúráǹsì tí wọn kò tíì lò ó rí? Kí ló dí wọn lọ́wọ́?

2. Ilé ìwòsàn wo ló súnmọ́ wa jù tó ń gbà á? Ta ni nínú wa tí yóò lọ béèrè kí ọjà tó ń bọ̀ tó dé, kí ó sì wá jábọ̀?

3. Bí àìsàn bá dé lóru, ta ló ní alùpùpù, ta ni a ó pè, nọ́mbà ta ni a ó kọ sára ògiri?

Ẹ fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí wa. Bí ilé ìwòsàn arrondissement yín bá ń gba ìwé náà dáadáa, ẹ jẹ́ ká gbọ́, kí a lè kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Bí ìṣòro bá wà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ pẹ̀lú, a ó pe ẹni tó yẹ wá síbí kó wá dáhùn.

Ìyá tó bi wá ní ìbéèrè, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. Ní alẹ́ yìí, ẹ ṣí àpótí yín. Ẹ mú ìwé náà jáde. Lọ́la, bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ yà ní ilé ìwòsàn tó wà lójú ọ̀nà yín, ẹ kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ẹ sọ orúkọ yín fún un. Ẹ ti ń rí dókítà ìdílé yín nìyẹn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú àgbàdo kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ kí owó rẹ̀ tó gbéra lọ́jà. Kí ilé tù yín lára o. Ire o.